Máàkì Tí Mo Fún Àwọn Àwo Bàámi

Àìkú, 3/7/88

Bàámi lọ sí ìpàdé mọ́sálásí. Abẹ́rẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń sùn. Ilé dákẹ́.

Mo ti pinnu. Gbogbo àwo orin tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ ni màá gbọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, màá sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì bí àwọn tíṣà ṣe ń fún wa. Mẹ́wàá ni òkè pátápátá. Kò sẹ́ni tó máa kà á, nítorí náà kò sẹ́ni tí màá ṣojú fún.

Àwo Bàtà Funfun. (Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Bàtà olórin náà nìkan ló mọ́ nínú fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀.) Jùjú. Gìtá ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ láàárọ̀, kí gbogbo àdúgbò tó jí. Ohùn ọ̀gá fúnra rẹ̀ — ẹni tó ń tọrọ aṣọ lọ́wọ́ àna. Mẹ́rin.

Àwo Káńfọ̀. Sákárà. Òórùn káńfọ̀ ò kúrò nínú àpò rẹ̀. Gòjé ń sunkún, olórin ń rẹ́rìn-ín, wọn ò sì tako ara wọn. Ì bá gba mẹ́jọ bí kì í bá ṣe pé ó fi odindi ẹ̀gbẹ́ kan yin ọkùnrin kan tó ní ilé epo. Mẹ́fà.

Àtìní, 4/7/88

Ó yẹ kí n kọ ọ̀rọ̀ Abẹ́rẹ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Jemilat lorúkọ rẹ̀, ìyàwó kejì Bàámi, ará Iléṣà. Mo ń pè é ní Abẹ́rẹ́ nínú ìwé yìí torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ibi tó bá sì ti kàn ọ́, ara rẹ á mọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Lójú ayé, "Àǹtí" ni mo ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀.

Màámi — Àṣàkẹ́, ìyàwó tó bá Bàámi kọ́ ilé wa yìí ní Àgùdà láti orí bulọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ — wà ní Mushin, nílé ìyá tiwọn. Wọ́n lọ lọ́dún tí Abẹ́rẹ́ wọlé. Bàámi ò kọ̀ wọ́n. Kò sì ní kí wọ́n padà wá. Àpótí wọn ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń sùn sí. Níwọ̀n ìgbà tí àpótí bá wà níbẹ̀, wọn ò tíì lọ.

Lẹ́nu, gbogbo wọn ni mò ń pọ́n lé. Nínú ìwé, Màámi nìkan.

Jímọ̀, 8/7/88

Àwo Agogo. Yẹ̀kínnì ló kọ ọ́, àpàlà, nígbà tí mo ṣì kéré. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ó kí Bàámi: Ṣàíbù ọmọ Ìjẹ̀bú, onírin tí irin rẹ̀ kì í dípẹtà. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kí Màámi: "Àṣàkẹ́ ìyálé, ìgbà tó o dé nilé tó kún."

Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ lórin, ó parí. Ìwé ìgbéyàwó lè jóná. Lèmọ́mù tó so yìgì lè kú. Àwo wà nílé ẹgbẹ̀rún èèyàn, láti Ìjẹ̀bú títí dé Kánò, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ ti mọ ẹni tó ni ilé Ṣàíbù.

Mẹ́sàn-án. Mo yọ ọ̀kan torí agogo ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan, láàárín, ó wá ń díbọ́n bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Sátidé, 9/7/88

Àwo Agogo ni mo ń gbọ́ nígbà tí Abẹ́rẹ́ jáde bá mi nídìí ẹ̀rọ. Ó ní, "Lateefah, òun náà lo tún fi sí i? Àwo yìí mà ti gbó." Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan ẹran tó ti ń rùn. "Bí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún náà ṣe gbó." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Àlàmísì, 14/7/88

Abẹ́rẹ́ ti ha Àwo Agogo.

Ilà kan péré, tínrín, ẹnu sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń gé òwú. Kì í ṣe gbogbo àwo. Ibi Màámi nìkan. Bó bá ti dé ibẹ̀, á máa ta: Ṣàíbù onírin, Ṣàíbù onírin, Ṣàíbù onírin — lẹ́yìn náà ó ti fò bọ́ sínú orin mìíràn. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ, ó sàmì sí ibẹ̀, kó tó ha á. Mo mọ iṣẹ́ tó mọ́ bí mo bá rí i.

Mo fi han Bàámi. Ó ń jẹun. Ó ní, "Àwo náà ń darúgbó." Ó ní kí n bu omi wá.

Mẹ́sàn-án rẹ̀ ṣì jẹ́ mẹ́sàn-án.

Àtàláátà, 19/7/88

Wọ́n máa fi Bàámi jẹ Bàbá Àdínnì ní mọ́sálásí, ní oṣù Kẹwàá. Yẹ̀kínnì máa gbé àwo tuntun jáde fún un. Abẹ́rẹ́ gbé omi ìfọwọ́ dé iwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ kí wọ́n kí mi ní ìyálé nínú ẹ̀. Ta ló tún kù nílé?" Ohùn rẹ̀ tutù bí omi ìkòkò. Bàámi ń gbọn ọwọ́ nù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á kí ọ. Kí ló le níbẹ̀?"

Ohun tó le níbẹ̀ nìyí: bí Yẹ̀kínnì bá fi pe Jemilat ní ìyálé Ṣàíbù, Màámi ò nílé tí wọ́n máa padà sí mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé kó jẹ. Ti àwo ò ṣeé kó jẹ.

Àìkú, 24/7/88. Iléyà.

Mo gbé ẹran lọ sí Mushin. Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ńkọ́?" Mo ní ó ní kí n kí yín. Irọ́ ni. Wọ́n ní, "Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ìròyìn kankan wà?" Oyún ni wọ́n ń bèèrè. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á dá a lóhùn. Ẹni tó sin ọmọ kò ṣeé yọ̀."

Mo bínú sí wọn títí mo fi délé.

Ọmọ tí wọ́n ń wí: Abẹ́rẹ́ bí ọkùnrin kan, Rilwan. Ibà ló mú un lọ lọ́dún tó kọjá, ní ọsibítù ní Ìdí-Àràbà, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ tán. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, "Ìyá Rilwan" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, "Àǹtí" ni. A kì í dárúkọ ọmọ tó kú létí ìyá rẹ̀. Títí di òní, bí àlejò bá ṣèèṣì fẹ́ pè é, ẹnìkan á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Àlàmísì, 28/7/88

Àwo Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò. Ọkùnrin méjì, ohùn kan náà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń purọ́. Wọ́n ń bẹ ọlọ́lá kan títí àwo fi tán. Kò dá wọn lóhùn. Mẹ́ta. Ọ̀kan kọ̀ọ̀kan fún wọn, ọ̀kan fún ọlọ́lá tí ò dáhùn.

Àlàrùba, 3/8/88

Àwo Abẹ́rẹ́, ọ̀kan ṣoṣo tó gbé wá látilé wọn. Dísíkò. Obìnrin kan ń mí gúlegúle, wọ́n wá fi ìlù gbè é. Èèpo ẹ̀wà lójú omi. Ọ̀kan. Àpò rẹ̀ ni mo fún.

Àtìní, 8/8/88

Kò síná. Kò sí máàkì.

Jímọ̀, 12/8/88

Morákinyọ̀ wá sílé. Òun ló ń ṣáájú àwọn tó ń gbè fún Yẹ̀kínnì, òun náà ló ń kó orúkọ àwọn tí wọ́n máa kí jọ. Bàámi wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Costain, nídìí irin rẹ̀. Abẹ́rẹ́ lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Èmi nìkan ló bá. Mo gbé Fáńtà fún un.

Ó la iṣẹ́ wọn yé mi. Yẹ̀kínnì kì í wo ìwé. Bí orin bá ti ń lọ, Morákinyọ̀ á tẹ̀ sí i létí ọ̀tún, á sọ orúkọ wúyẹ́wúyẹ́, kò sì ní pẹ́ jáde lẹ́nu ọ̀gá tòun ti àdúrà. Ó ní, "Kì í bi mí léèrè. Ohun tí mo bá gbìn sí i létí náà ló máa hù." Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́.

Ó gba orúkọ bàbá Bàámi. Ti ìyá rẹ̀. Ìlú. Ọjà tó ń tà. Ó ní, "Ìyálé ńkọ́? Alhaji ní kí á kí ìyálé dáadáa. Orúkọ ọmọ ló máa ń wọ orin jù. Ìyá ta ni?"

Mo gbọ́ fíríìjì tó ń kùn. Mo gbọ́ ọ̀fun ọkùnrin náà bó ṣe ń gbé Fáńtà mì.

Mo ní, "Ìyá Rilwan."

"Orúkọ tó dáa. Ọmọ ọ̀hún dà?"

Mo ní, "Ó ti sùn."

"Ọlọ́run á dá a sí fún wọn."

Mo ní, "Àmín." Mo kó ìgò rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Sátidé, 13/8/88

Mo sùn dáadáa.

Àtìní, 22/8/88

Sítúdíò, ní Yábàá. Yàrá kan, wọ́n fi páálí ẹyin bo ògiri rẹ̀ títí dé òkè. Bàámi mú mi dání kí n gbé kúlà oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ fẹ́ tẹ̀lé wa, Bàámi ní ibi iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Yẹ̀kínnì kéré sí ohùn rẹ̀. Ó di ojú, ó gbé ọwọ́ kan lé orúnkún bí ẹni tí ìdí ń dùn. Wọ́n kí bàbá Bàámi. Wọ́n kí ìyá rẹ̀. Inú Bàámi dùn, ó jáde lọ kí ẹnìkan níta, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà yẹn ni Morákinyọ̀ tẹ̀ sí etí ọ̀tún.

Orúkọ náà jáde lẹ́nu Yẹ̀kínnì. Ó dùn. Èyí ló burú jù níbẹ̀. Nínú gbogbo àwo rẹ̀ tí mo ti gbọ́, kò síbi tí ohùn ọkùnrin yẹn ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ yọ nǹkan etí rẹ̀, ó ní ṣé orúkọ pé, ṣé kò sí àtúnṣe. Èmi nìkan ni ará ilé tó wà nínú yàrá. Gbogbo wọn kọjú sí mi.

Mo ní ó pé.

Àlàmísì, 8/9/88

Láàárọ̀ yìí, mo ti wọ bàtà láti lọ bá Morákinyọ̀. Wọn ò tíì tẹ àwo. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ṣì í sọ.

Kí n tó jáde, Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó ní, "Àwọn èèyàn máa wá kí Alhaji kú oyè. Bá mi gbé pósí yẹn kúrò níbẹ̀."

Àpótí Màámi ló ń pè ní pósí.

Mo gbé e lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Kò wúwo tó bí mo ṣe rò. Mo padà wá, mo bọ́ bàtà mi, mo tò ó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àtàláátà, 20/9/88

Mo tún gbọ́ gbogbo àwo Yẹ̀kínnì àtijọ́, tẹ̀ lé ara wọn. Àkọ́kọ́: ebi ń pa á, ó sì hàn nínú ohùn rẹ̀. Méje. Ìkejì: ó ti yó. Márùn-ún. Ìkẹta: Agogo — mo ti kọ ọ́. Ìkẹrin: ó ń kọ orin bí ẹni ń ka orúkọ nínú réjísítà, "wà níbí, wà níbí." Mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọrin láìmọ ẹni tó ń kọ ọ́ fún. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ẹni tó bá sọ fún un, kò ní í kí i lórin mọ́.

Àìkú, 2/10/88

Páálí àwo dé.

Bàámi pe àwọn àgbà mẹ́ta láti mọ́sálásí, ìyàwó ọ̀kan nínú wọn tẹ̀lé wọn. Abẹ́rẹ́ wọ aṣọ tó rán fún oyè, kò lè dúró dé ọjọ́ rẹ̀. Ó jókòó ti ẹ̀rọ. Ó fi òróró pa ọwọ́. Bàámi ní èmi ni kí n gbé àwo lé e, ó ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n.

Ẹ̀gbẹ́ kìíní lọ. Mo yí i padà. Bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

Ìyálé Ṣàíbù, ìyá Rilwan,
Rilwan ni yóò sin ọ́,
Ọwọ́ Rilwan ni yóò bu erùpẹ̀ lé ọ,
O ò ní í fojú sunkún ọmọ.

Àwọn elégbè gbà á: Rilwan, Rilwan, Rilwan.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wolẹ̀. Ìkejì mú tẹ̀súbà jáde. Ìyàwó yẹn fi etí gèlè bo ẹnu. Bàámi ń ta ìka, ó ń mi orí, ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀, èmi ló kàn."

Mo ti rò pé Abẹ́rẹ́ máa wò mí. Mo ti múra ojú mi sílẹ̀ dè é. Kò wò mí. Kò wo ẹ̀rọ. Bàámi ló ń wò, kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí orin fi tán, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ níbi tí ọkọ̀ kì í yà sí.

Nígbà tó tán, ó dìde, ó gbé omi tútù fún àwọn àlejò. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Àtìní, 3/10/88

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn. Kò kanlẹ̀kùn. Ó jókòó sílẹ̀, síbi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ lo sọ fún wọn."

"Èmi ni, Àǹtí."

"O fẹ́ kó dùn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n pe iye ọjà fún tí ó sì bójú mu. "Ó dùn mí. O mọ̀ ọ́n ṣe. Ti ìyá ẹ, èmi ni mo ha á."

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀." Ó ń fi èékánná yọ òwú kan lára aṣọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bàbá ẹ ò gbọ́, Lateefah. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo bi í pé báwo ni ti ìyálé ṣe rí nínú orin. Ó ní wọ́n kí mi dáadáa. Ó ní kí n má jẹ́ kí iyán òní le."

Mo ká ẹsẹ̀ mi jọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Látọjọ́ tí a ti sin ín, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ létí mi. Mo wá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ò rí i rí."

Ó ní kí n wá bá òun gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí ibẹ̀ gan-an, torí òun mọ̀ pé mo mọ ibẹ̀. Mo bá a gbé e. Ó ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé. Mi ò ka iye ìgbà.

Àlàrùba, 5/10/88

Ó ti kọ́ ibẹ̀. Ó ti ń dá a gbé fúnra rẹ̀. Bàámi ní inú òun dùn pé ó fẹ́ràn àwo.

Jímọ̀, 7/10/88

Ó lọ. Iléṣà. Báàgì kan. Kò dúró de oyè, kò bú ẹnikẹ́ni, kò gbé àwo kankan. Lẹ́nu géètì ó yíjú padà, ó ní, "Mo rò pé ìyá ẹ ni mò ń bá jà."

Bàámi ní ìranù ló ń ṣe é. Ó bi mí ta ló máa se oúnjẹ àlejò báyìí.

Sátidé, 8/10/88

Mo ti borí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé Mushin.

Màámi ti gbọ́ àwo náà. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ń lò ó láti àárọ̀. Wọ́n ní, "Ta ló fún wọn lórúkọ ọmọ yẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Wọ́n wò mí. Wọn ò yára. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Ọjọ́ tí Rilwan kú, wọ́n ránṣẹ́ pe Màámi láti ọsibítù, nítorí Jemilat ò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàámi dúró níta. Wọ́n ní, "Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ń ṣí ìka ọwọ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. O wà ní skúùlù."

Mo ní yàrá ti ṣófo. Mo ní màá bá wọn gbé àpótí kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí wọ́n máa bọ̀ nílé.

Wọ́n ní, "Ilé tí o fi Rilwan gbà fún mi, ìwọ máa gbé ibẹ̀."

Wọn ò ní kí n jókòó. Mo dúró díẹ̀, bóyá wọ́n á sọ òmíràn. Wọ́n wọlé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ ata, iye tí wọ́n ń tà á.

Àìkú, 16/10/88

Wọ́n fi Bàámi jẹ oyè lánàá. Àlejò ti tán. Èmi àti òun nìkan ló kù nílé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Lateefah, fi àwo mi sí i. Ẹ̀gbẹ́ kejì."

Mo fi sí i. Mo dúró ti ẹ̀rọ, mo ń wo ojú rẹ̀.

Ó ti mọ orin náà sórí. Wọ́n kí bàbá rẹ̀, ó ń kọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kí ìyá rẹ̀, ó ń kọ ọ́ tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò dákẹ́, kò rẹ ohùn sílẹ̀: Rilwan ni yóò sin ọ́, ọwọ́ Rilwan ni yóò bu erùpẹ̀ lé ọ. Ohùn rẹ̀ dára. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lóhùn. Ó bá àwọn elégbè gbà á, Rilwan, Rilwan, Rilwan, ìka rẹ̀ ń lu apá àga, kò ṣi ẹsẹ̀ gbé rárá.

Mo ní, "Bàámi, ta ni Rilwan?"

Kò yíjú. Ó na ìka kan sókè, kí n dákẹ́. Orúkọ tirẹ̀ ló kàn.